Mo Tẹ̀lé Mólékù Kan Dé Òpin Ìròyìn Rẹ̀

Ìrọ̀lẹ́ ni, ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2019. Iná ti lọ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti túká, èmi nìkan ló kù nínú láàbù. Mo tan iná fóònù mi sórí ẹ̀yìn ìwé ìdánwò kan tí a kò lò, mo ń ya mólékù kan sí i. Òrùka mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan ní igun mẹ́fà. Èkejì náà ní mẹ́fà, àmọ́ náítírójìn kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní igun márùn-ún, náítírójìn méjì ló wà nínú ìyẹn. Ohun tó mú ọwọ́ mi dúró wà lára òrùka àkọ́kọ́: aldehyde kan, ìyẹn ìdìpọ̀ átọ̀mù tó máa ń tètè so mọ́ nǹkan mìíràn, tí hydroxyl, ọ́síjìn àti háídírójìn tó so pọ̀, jókòó tì í gbágbá. Orúkọ mólékù náà ni voxelotor. Ní ọjọ́ 25 oṣù yẹn ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi òǹtẹ̀ lù ú fún àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi lórí WhatsApp.

"Àǹtí mi, kí lèyí?"

"Oògùn ni. Tìrẹ ni."

Ó pẹ́ kí ó tó fèsì. Nígbà tó máa fèsì, ó ní: "Ṣé ó ti dé Nàìjíríà, mà?"

SS ni àbúrò mi, AS ni èmi. AS ni bàbá wa, AS ni Màámi, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra. Ní oyún kọ̀ọ̀kan tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ á jẹ́ SS. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi ni ìdá kan yẹn bọ́ sí. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tàbí tó bá ṣeré jù lójú ọ̀sán, egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lóru. Màámi á yọ́ òrí, á fi pa á lórúnkún àti léjìká, èmi á máa bu omi fún un mu, torí dókítà ti ní kó máa mu omi dáadáa. Àwọn aládùúgbò a máa fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àbíkú. Màámi kì í dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń ti ọjà bọ̀, orín àta kì í wọ́n nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn àgbà ló sọ pé ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Ẹni tó bá ti fi orín àta fọ eyín rí mọ bó ṣe máa ń ta ahọ́n, tí ètè á wá kú tipiri. Àwa méjèèjì la jọ ń fi fọ eyín láàárọ̀, kí ó má baà dà bíi pé tirẹ̀ yàtọ̀.

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni mo tó mọ̀ pé Màámi kò ṣìnà. Mo ń ka ìwé kan lórí egbòogi ilẹ̀ wa, mo kan ìlà kan níbẹ̀: ní 1971, Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé omi gbòǹgbò orín àta lè dá sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, nínú túùbù àyẹ̀wò. Mo ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ ka ìwádìí náà fúnra rẹ̀. Ilé-ìkàwé wa kò ní i. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àkótán rẹ̀ nìkan ni wọ́n jẹ́ kí n rí, ìyókù fẹ́ owó tí n kò ní. Mo béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yìí, mo béèrè lọ́wọ́ tọ̀hún, oṣù mẹ́rin kọjá kí ẹ̀dà rẹ̀ tó tẹ̀ mí lọ́wọ́, tó ti dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ìlà kan kò sì ṣeé kà dáadáa lójú ewé kejì. Mo ṣì ní i.

Nǹkan ti yàtọ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ àwọn ibi tí mò ń lọ, torí mo máa ń pàdé ọ̀dọ́ tó ń kọ́ kẹ́mísìrì tí kò tíì gbọ́ nípa wọn. PubChem wà, tí ìjọba Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ní 2004. Ẹ tẹ orúkọ mólékù sí i, àwòrán rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ àti ewu tó wà nídìí rẹ̀ á jáde, kò sẹ́ni tó máa béèrè kọ́bọ̀. ChEMBL wà, tí wọ́n ń tọ́jú ní Hinxton lẹ́bàá Cambridge. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í ṣe oògùn tó yege nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn mólékù tí wọ́n dánwò tí kò ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú òǹkà tó fi bí wọ́n ṣe kùnà sí hàn. Organic Syntheses náà wà, tó ti ń jáde láti 1921, tó sì ti di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tó tẹ ọ̀nà ìṣe kankan jáde níbẹ̀, láàbù mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí èsì méjèèjì sì bára mu. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá júwe bó ṣe ń se ọbẹ̀ rẹ̀, tí aládùúgbò lọ sè é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú ìkòkò tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbà pé ọbẹ̀ ni. Gbogbo ìmọ̀ ìbá máa rí báyìí, ìbá wù mí.

Àwọn ibi wọ̀nyí ni mo ti rí ìtàn voxelotor kó jọ, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yé mi.

Hìmoglóbíìnì ni puròtéènì tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California fi hàn pé hìmoglóbíìnì aláìsàn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Ní 1956, Vernon Ingram ní Cambridge tọ́ka sí ibi tí ìyàtọ̀ náà wà. Ásíìdì àmínò ni ẹyọ kéékèèké tí puròtéènì fi ń di odindi; 146 ló so kọ́ra nínú ẹ̀wọ̀n beta, ọ̀kan nínú irú ẹ̀wọ̀n méjì, alpha àti beta, tó wà lára hìmoglóbíìnì. Ẹyọ kan ṣoṣo, ìkẹfà, ló yí padà. Valine ló gba ipò glutamic acid. Glutamic acid fẹ́ràn omi, valine ń sá fún omi bí epo. Nígbà tí hìmoglóbíìnì bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, valine yẹn á wá kọ̀rọ̀ kan lára hìmoglóbíìnì mìíràn, á há síbẹ̀. Òmíràn á há sí ìyẹn. Kí ó tó pẹ́ wọ́n ti di okùn gígùn tó le gbandi, sẹ́ẹ̀lì pupa tó gbé wọn sínú á sì tẹ̀ bíi dòjé. Dòjé kò lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ibi tó bá há sí, ibẹ̀ ni Màámi ń fi òrí pa.

Níwọ̀n ìgbà tí ọ́síjìn bá wà lára wọn, wọn kì í há mọ́ra bẹ́ẹ̀. Èrò àwọn tó ṣe voxelotor dúró lórí èyí: kí á wá ohun tó máa jẹ́ kí hìmoglóbíìnì di ọ́síjìn mú pẹ́ díẹ̀ sí i. Aldehyde mólékù náà á lọ bá náítírójìn tó wà ní orí ẹ̀wọ̀n alpha, wọ́n á so pọ̀, ìsopọ̀ tó ṣeé tú. Mólékù kan péré ti tó hìmoglóbíìnì kan. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ oògùn á mọ ìdí tí ọwọ́ mi fi dúró lọ́jọ́ yẹn. Aldehyde kì í ṣe àlejò tí àwa ń tètè ṣílẹ̀kùn fún. Ó máa ń so mọ́ ohun tí a kò rán an sí, ẹ̀dọ̀ sì máa ń sọ ọ́ di ásíìdì kíákíá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń gbìyànjú ẹ̀. Ní 1991, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kọ̀wé pé vanillin, èyí tó ń fún áìsì kírímù ní òórùn dídùn, lè dí sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ kí ó má tẹ̀. Aldehyde ni òun náà. Ṣùgbọ́n béèyàn bá gbé e mì, ara á ti fọ́ ọ túútúú kí ó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí voxelotor fi yàtọ̀ ni hydroxyl tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aldehyde rẹ̀, tó ń dì í mú, àti òrùka méjì tó kù, tó jẹ́ kí ó jókòó dáadáa láàárín hìmoglóbíìnì. Ó sì fẹ́ràn inú sẹ́ẹ̀lì pupa ju omi ẹ̀jẹ̀ lọ, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó máa rìn kiri ibi tí a kò rán an. Síbẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n tí wọ́n ń lò: 1,500 mílígíráàmù lójúmọ́. Ọ̀pọ̀ oògùn ń lépa ohun tí kò pọ̀ nínú ara, ìdí nìyẹn tí mílígíráàmù díẹ̀ fi máa ń tó. Hìmoglóbíìnì pọ̀ lọ jàra, ọgọ́rọ̀ọ̀rún gíráàmù ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà kan. Ẹni tó bá fẹ́ bá gbogbo ará ọjà sọ̀rọ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ rán ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́. Nígbà tí ìwádìí bí wọ́n ṣe rí mólékù náà jáde ní 2017 nínú ìwé ìwádìí tó ń jẹ́ ACS Medicinal Chemistry Letters, ohun tí mo tẹjú mọ́ jù ni àtẹ tó to àwọn mólékù tí kò dé ibi tí ó dé: èyí tó dára nínú túùbù tí kò dára nínú ara, èyí tí wọ́n yí átọ̀mù ẹyọ kan padà lára rẹ̀ tí gbogbo nǹkan bà jẹ́. Mo máa ń fi irú àtẹ bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa wà.

Láti 2020 ni mo ti ń ya voxelotor sí pátákó. Inú mi máa ń dùn, mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ wo ohun tí kẹ́mísìrì lè ṣe. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò kọ́ wọn. Ìdánwò tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fi òǹtẹ̀ lu oògùn náà kó ènìyàn 274 jọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń lo 1,500 mílígíráàmù, hìmoglóbíìnì ènìyàn 51 ti fi ju gíráàmù kan lọ gòkè nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan. 7 ni ti àwọn tó ń lo hóró tí kò ní oògùn nínú. Èyí ni mo kọ́ wọn. Pé iye ìgbà tí ìrora dé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, n kò sọ ọ́. Pé òǹtẹ̀ oníkánjú ni FDA fún un, pẹ̀lú àdéhùn pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é á ṣe ìdánwò mìíràn láti fi hàn pé aláìsàn jàǹfààní ní tòótọ́, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo yára kọjá. Àbúrò mi ni mò ń rò.

Ó yẹ kí n ti mọ̀, torí a ti rí irú rẹ̀ rí nílé wa. Ní oṣù keje ọdún 2006, Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí oògùn kan fún àrùn yìí ní Abuja tí wọ́n ń pè ní Nicosan. Aṣáájú ìsìn kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, P. O. Ogunyale, ló fi àṣírí àgbo rẹ̀ han àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba, NIPRD, tí wọ́n sì dán an wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iyèré, igi osùn, kànáfùrú, ewé ọkà bàbà: Màámi mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbọ́ ìròyìn náà lórí rédíò, ó sì kúnlẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní 2008, gbèsè mu ilé-iṣẹ́ ará Amẹ́ríkà tó gba àṣẹ àtiṣe é dé ọrùn, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, lẹ́yìn náà a kò rí i rà mọ́. Rédíò kò sọ ìyẹn fún Màámi. Ó kàn ń rán wa sí ilé oògùn kan tẹ̀lé òmíràn, a ń padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Voxelotor kò ní irú ìṣòro owó bẹ́ẹ̀. Ní 2022, Pfizer, ilé-iṣẹ́ oògùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fi bílíọ̀nù 5.4 dọ́là ra ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Òpin tirẹ̀ gba ibòmíràn wá.

Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. Nínú ìdánwò kan tó kó ọmọ 236 jọ, láti ọmọ ọdún 2 sí 15, mẹ́jọ ti kú nínú àwọn tó ń lo voxelotor, méjì nínú àwọn tó ń lo hóró tí kò ní oògùn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án, Pfizer kéde pé àwọn ń kó oògùn náà kúrò ní gbogbo ọjà tó wà láyé, wọ́n sì dá ìdánwò rẹ̀ gbogbo dúró.

N kò lè fi ìyẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo pè é.

"O rántí àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ní 2019?"

"Mo rántí, mà. Mo ṣì ní i lórí fóònù mi."

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Àǹtí mi, àwọn ọmọ yẹn, ṣé wọ́n dárúkọ wọn?"

"Rárá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń kọ wọ́n."

"Ó mà ṣe o," ó ní. "Ẹ máa bá mi gbàdúrà fún àwọn ìyá wọn."

Lóru ọjọ́ yẹn mo padà sídìí ìwé tí mo ti kà tẹ́lẹ̀. Ní 2018, kí òǹtẹ̀ FDA tó jáde rárá, àwọn onímọ̀ kan ti kọ ọ́ pé hìmoglóbíìnì tó bá di ọ́síjìn mú jù lè máà já a sílẹ̀ níbi tí ara ti nílò rẹ̀, pàápàá jù lọ nínú ọpọlọ ọmọdé. Ẹ má gbọ́ ọ pé mo ní ìyẹn ló pa ọmọ kankan. Ohun tó dùn mí ni pé mo ti ka ìwé náà, mo sì ti gbàgbé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé mo há àwòrán òrùka mẹ́ta yẹn sórí débi tí mo lè yà á nínú òkùnkùn.

Oògùn tí àbúrò mi ń lò gan-an kò lẹ́wà lójú onímọ̀ kẹ́mísìrì. Hydroxyurea ni: kábónì kan, náítírójìn méjì, ọ́síjìn méjì, háídírójìn mẹ́rin, kò sí òrùka kankan. Ní Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1869. Oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí FDA tó gbà á fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní 1998. Ó ń jí hìmoglóbíìnì tí ọmọ máa ń lò nínú oyún dìde padà, ìyẹn kì í sì há mọ́ ara rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, èsì ìdánwò kan jáde láti Angola, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Uganda, níbi tí bí ọmọ 600 ti lò ó: ìrora dín kù, ibà dín kù, ikú dín kù. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá kí n tó rí ìròyìn náà, èmi tí mò ń wá ìròyìn oògùn láàárọ̀ lálẹ́. Mólékù tó ti lé ní àádọ́jọ ọdún kì í gba ojú ewé àkọ́kọ́. Nígbà tí ìtọ́jú tó ń tún jíìnì ṣe gba òǹtẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù kejìlá ọdún 2023, tí iye owó ọ̀kan sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnìkan, wákàtí kan kò tíì pé tí ènìyàn mẹ́fà ti fi ránṣẹ́ sí mi. Bí 150,000 ọmọ SS ni a ń bí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Hóró tí àbúrò mi ń gbé mì lálaalẹ́ ni mo fẹ́ kí ó dé ọwọ́ wọn ná.

Lọ́dún tó kọjá, mo tún ya voxelotor sí pátákó. Àwọn ọmọ kan ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ti kó o kúrò lọ́jà. Ṣé kí á pa á rẹ́ nínú nóòtì wa?"

Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n kọ 25/11/2019 sí apá òsì àwòrán náà, kí wọ́n kọ 25/9/2024 sí apá ọ̀tún, kí wọ́n sì kọ mẹ́jọ àti méjì sí ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń kọ ọ́. Mo dúró títí ẹni tó kọ kẹ́yìn fi gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, kí n tó kọjú padà sí pátákó láti ya hydroxyurea.